Omi Kò Tíì Gbọ́

Wọ̀sílátù, ọmọ ìyá mi,
wọ́n ní ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí o gbéra.
Ìyá àgbà ń mọ ìkòkò lọ́wọ́ ní Òkèlele nígbà tí mo sọ fún un.
Kò béèrè iná tí yóò jó lẹ́yìn ọkọ̀ náà,
kò béèrè bí òkè ṣe jìn tó.
Ó nu amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó ní:
"Orí rẹ̀ ńkọ́?
Ohun tó wà nínú orí rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ṣe bí akọ̀wé. Mo ní,
wọn yóò tẹ́ ẹ gbalaja sórí àga,
ẹsẹ̀ lókè, ojú sí sánmà,
kí ẹ̀jẹ̀ má baà sá kúrò lórí,
torí bí ẹ̀jẹ̀ bá fi orí sílẹ̀,
pupa á di eérú lójú ẹni,
eérú á di òkùnkùn,
ẹni náà á sùn lọ láìdágbére.
Mo ní àyà rẹ á wúwo
bí ẹni pé Wọ̀sílátù mẹ́ta mìíràn jókòó lé e.
Ìyá ń fi ṣùkù àgbàdo yí ọrùn ìkòkò.
"O rántí ọjọ́ tí ẹ fọ́ ìkòkò mi?"

Ta ló lè gbàgbé. Ìwọ, ọmọ ọdún méje,
ìkòkò omi lórí,
èmi lẹ́yìn rẹ, tí mo ń pariwo pé ajá ń bọ̀.
Ajá kankan ò sí.
O ta gìrì, o sáré. Omi dà sẹ́yìn.
O dúró lójijì. Omi dà síwájú, ó bò ọ́ lójú,
ìkòkò tẹ̀lé e.
Ìyá ò nà ọ́. Èmi ló nà.
Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́, ohùn jẹ́ẹ́:
"Nígbà tí ẹsẹ̀ bá gbéra, omi inú ìkòkò kò tíì gbọ́.
Nígbà tí ẹsẹ̀ bá dúró, omi kò tíì gbọ́.
Ẹni tó rù ú ni kó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí i."

Ogún ọdún ni mo ti fi ń ya àwòrán inú orí
nílé ìwòsàn ńlá Òkè-Oyì,
n kò tíì gbọ́ kí dókítà kan sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.
Mo ti rí ti ọlọ́kadà tó kọlu tírélà lójú ọ̀nà Jẹ́bà:
agbárí dúró, ọpọlọ ṣì ń lọ.
Ọpọlọ, wàrà nínú omi rẹ̀,
bí èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wọ Ìpàtà láàárọ̀,
tí wọ́n ń rọra fi ìka mú kó má fọ́.
Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ fi iná tì lọ sókè.

Wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré ni.
Lẹ́yìn náà, ìwúwo á lọ bí ìgbà tí wọ́n mú iná,
apá á léfòó,
wàrà á gòkè díẹ̀ nínú igbá rẹ̀,
á súnmọ́ òrùlé orí bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ nǹkan.
Ibo ni ilẹ̀? Ibo ni òkè?
Etí á sọ tirẹ̀, ojú á sọ tirẹ̀,
ọpọlọ á jókòó sáàárín
bí adájọ́ tí ẹlẹ́rìí méjì ń parọ́ fún.
Wọ́n ní á kọ́ ọ, á mọ̀ ọ́n.
Wọn ò sọ ohun tí yóò gbàgbé kó tó rí àyè kọ́ ọ.

Ọdún tí wọ́n bí ọ, èmi ni mo di fìtílà mú
nígbà tí Ìyá ń fi òrí pa àwújẹ̀ rẹ,
ibi tó ń lù kìkì, kìkì,
bí ẹni pé ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn láti inú.
Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án.
Mo fọwọ́ kàn án.

Àwújẹ̀ ti dì báyìí.
Síbẹ̀ Ìyá ti bu òrí sínú ike kékeré,
ó ní kí n fi ránṣẹ́. Mo ní wọn ò ní jẹ́ kó wọlé.
"Tọ́jú ẹ̀ nígbà náà," ló wí.
"Yóò padà wálé. Orí á ti gbàgbé bí ilẹ̀ ṣe wúwo."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a ó wà lórí Òkè Sóbì,
bí orúnkún Ìyá bá gbà.
A ò ní rí nǹkankan.
Wọ̀sílátù, kí iná tó sọ̀rọ̀,
ránṣẹ́ sí omi.